Àwọn Mẹ́tàlélógójì Tó Yọ Orúkọ Ara Wọn

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá aránṣọ kan gbé lẹ́tà ìjọba wá sí ọ́fíìsì wa, ó ní òun wá fẹjọ́ ara òun sùn.

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń gbẹ́jọ́ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo ní kó jókòó, mo mú bírò.

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀, mà?"

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà yìí ló ní mo ṣẹ̀ ẹ́."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó di ọwọ́ rẹ̀ mú wá ló ka lẹ́tà náà fún mi, torí ìyá ò ríran kà á. Lẹ́tà ọ̀hún kò gùn. Ó ní aránṣọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò lórí ìlà àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún nílé ìwòsàn ìjọba, pé ìjọba sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá yí ọkàn padà, kó tún orúkọ kọ, kó lọ dúró lẹ́yìn ìlà. Oṣù mẹ́rìnlá ni ìyá yìí ti wà lórí ìlà, ipò kẹsàn-án ló sì wà. Àwọn dókítà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì máa pa ìwé orúkọ dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá lọ́dún," ni ọmọ náà sọ. "Dókítà ní tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ojú yẹn á ti kọjá àtúnṣe."

Ìyá ń fi ìka wọ́ etí lẹ́tà náà bí ẹni ń wá ibi tí okùn aṣọ ti já. "Ojú abẹ́rẹ́ ni mi ò kọ́kọ́ rí mọ́," ó ní. "Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ òwú. Ní báyìí, ọwọ́ ni mo fi ń mọ ibi tí aṣọ dé. Ẹ bá mi bi ìjọba léèrè, ìgbà wo ni mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ ríran mọ́?"

Ọ̀gá mi gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló dé?" ó béèrè.

Ìbéèrè yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, kò ga, kì í sì í yára rìn. Kí-Ló-Dé ni gbogbo àgọ́ wa ń pè é. Kì í fẹ́ kí èèyàn ròyìn nǹkan fún òun. "Má sọ ọ́, ṣe é kí n rí i" ni tirẹ̀. Ó ti ní kí ọkùnrin kan tó jẹ́wọ́ olè tún fèrèsé tó ní òun gbà wọlé gùn lójú wa rí. Ọkùnrin náà gbìyànjú títí, ikùn rẹ̀ ò wọ fèrèsé. Àṣé àbúrò rẹ̀ ló ń bò láṣìírí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹnu lè purọ́, ikùn ò lè purọ́.

Ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi, ó wo aago ara ògiri. "Sájẹ́ńtì, gbé fìlà ẹ. Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

*

Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìlà náà kò jìnnà sí wa. Nísàlẹ̀ ni káńtà wà, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń jókòó dè. A fi aránṣọ àti ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, a gun òkè lọ bá Alákòóso. Ọkùnrin tó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ni.

"Aránṣọ yín nìkan kọ́," ó ní. "Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Kí ló dé?"

"Ohun tó dé ni pé ẹnìkan ń fi àyè àwọn aláìsàn ṣòwò. Mo sì mọ ẹni náà."

Ó ṣàlàyé. Ìkànnì ayélujára tí àwọn aláìsàn fi ń tọ ìlà tẹ́lẹ̀ nira débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ń bẹ èèyàn kó bá wọn wọ̀ ọ́. Ìjọba wá gba obìnrin kan síṣẹ́ pé kó tún un ṣe, kó rọrùn. Gé-e-kúrú ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí ojú ewé tó bá ti rí, "Ẹ gé e kúrú" ló máa sọ. Ìlà ojú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ìkànnì tuntun. Ìlà eyín àti ti egungun ṣì wà lórí ti àtijọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré ló pé tí wọ́n ṣí tuntun náà.

"Gbogbo àwọn mẹ́tàlélógójì ló ti kó ìwé wọn pé," ni Alákòóso wí. "Àwọn tó ti sún mọ́ ọn gan-an ni wọ́n ń yọ. Gé-e-kúrú nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìkànnì yẹn."

Ó na ìwé sí wa. Ẹ̀rọ ti kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo fi ìka tọ ọ́ wálẹ̀, mo rí nǹkan kan, inú mi dùn.

"Kò sí èyí tó bọ́ sí Ọjọ́rú," mo ní. "Ta ni kì í wá síṣẹ́ ní Ọjọ́rú?"

"Gé-e-kúrú. Ilé ló ti ń ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti inú ilé yìí ni gbogbo ìyọkúrò náà sì ti wá. A ò kàn mọ kọ̀ǹpútà tó jẹ́, ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń gbà jáde." Ó tún fi ìka kan orúkọ kan tó ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. "Ẹ wo èyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá Gé-e-kúrú ni. Ipò kejìléláàádọ́rin ló wà lóṣù tó kọjá. Ó ti dé ipò kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n èèyàn ni dókítà máa mú."

Mo fọwọ́ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà ní ìdí mi. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí, mo tiẹ̀ ti ń ro ohun tí mo máa jẹ lọ́sàn-án.

*

Kò sí nǹkan kan lórí tábìlì Gé-e-kúrú ju kọ̀ǹpútà àti pẹ́ńsùlù kan lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ mọ́ lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ lè yọ orúkọ èèyàn kúrò?" ni Kí-Ló-Dé bi í.

"Mo lè yọ tiyín náà, tó bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni ẹ̀rọ máa kọ sí i pé ó yọ ọ́. Ẹ wo èyí." Ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "'Olórúkọ ló yọ ọ́.' Bẹ́ẹ̀ ló wà níwájú gbogbo wọn."

"Báwo lẹ̀rọ ṣe ń mọ olórúkọ?"

"Nọ́ńbà orí ìlà àti ọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá mọ méjèèjì, òun ni olórúkọ."

"Ẹ̀yin náà mọ méjèèjì," mo já lù wọ́n.

Ó wò mí. "Mo mọ̀ wọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n ìyá yín ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò tíì mú lẹ́tà dókítà wá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ò bá pé, wọ́n máa fò ó ni, kódà kó wà ní ipò kìíní. Tí mo bá fẹ́ jalè fún un, ṣé mi ò ní kọ́kọ́ wá lẹ́tà fún un ni?"

Kí-Ló-Dé mú pẹ́ńsùlù orí tábìlì. "Ẹni mélòó ni ìwé wọn pé kí wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta."

"Wọ́n yọ mẹ́tàlélógójì. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dókítà fẹ́ mú ọgbọ̀n." Ó yíjú sí mi. "Sájẹ́ńtì, ta ló jèrè?"

Mo tún ìṣirò náà ṣe. Kò sẹ́ni tó jèrè. Bí aago mẹ́rin bá lù, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ṣófo lọ́wọ́ dókítà.

"Olè wo ló ń jí àyè kó lè ṣófo?" Kí-Ló-Dé dá pẹ́ńsùlù padà síbi tó ti mú un. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó gba àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn sílẹ̀. Lọ pè wọ́n lórí fóònù."

Mo wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mi, mo lọ wá fóònù.

*

Ó gbà mí ju wákàtí méjì lọ. Mọ́kànlá gbé fóònù nínú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orí fóònù ọmọ wọn tàbí ti ara wọn ni gbogbo wọn ti ń tọ ìlà wọn. Ẹyọ kan nínú wọn ò tẹ ẹsẹ̀ sí ilé iṣẹ́ náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wá pe mẹ́wàá nínú àwọn tí wọ́n yọ. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ti wá síbi káńtà wá béèrè ibi tí ìlà dé.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bí káńtà ṣe ń ṣí. Ó ní ojoojúmọ́ ni, àyàfi Ọjọ́rú, tí wọ́n fi ń to fáìlì. Mo fi ìtìjú gba ìròyìn náà. Ọjọ́rú tí mo ti fẹ́ fi de ọmọ ọlọ́mọ kò tọ́ka sí òun nìkan.

Ìgbà tí mo padà dé, Kí-Ló-Dé ti jókòó ti aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì.

"Nígbà tí ẹ wá síbí, kí lẹ ṣe?"

"Mo dúró níwájú káńtà. Bàbá tó wà nídìí rẹ̀ kí mi, ó ní kí n jókòó. Ó ní kí n sọ nọ́ńbà mi sókè, àti ọjọ́ tí wọ́n bí mi."

"Ẹ rí ojú kọ̀ǹpútà?"

"Ọ̀gá, tí mo bá ń rí ojú kọ̀ǹpútà, kí ni mo wá ṣe níbí?"

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, Kí-Ló-Dé náà rẹ́rìn-ín. "Ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó ń tẹ̀ ẹ́ tìkì tìkì. Ó yẹ kí ìwé pélébé kan jáde nínú ẹ̀rọ, èyí tó máa ń sọ ibi téèyàn dé. Kò jáde. Bàbá gbá ẹ̀rọ náà, ó ní ìṣe rẹ̀ nìyẹn, kí n má ṣèyọnu, orúkọ mi wà níbẹ̀. Ó bá mi ki ọmọ mi pé ó tọ́jú ìyá. Èèyàn rere ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tìtorí mi dà á láàmú."

Mo tún pe àwọn mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tí ìwé jáde fún nínú wọn.

"Ọ̀gá, ó ti hàn," mo ní. "Ibi káńtà ni."

"Àwọn tí ìwé wọn ò pé náà ń wá síbi káńtà yìí lójoojúmọ́. Ìwé pélébé ń jáde fún wọn, orúkọ wọn sì wà níbẹ̀ digbí. Kí ló dé tí káńtà kan náà ń ṣàánú ẹnìkan, tó ń bínú sí ẹnìkejì?"

Mo wo aago ọwọ́ mi. Aago kan ti kọjá.

*

Bàbá tó wà nídìí káńtà ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Bàbá Ẹ-Jókòó ni wọ́n ń pè é, torí kò sẹ́ni tó máa dé iwájú rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ fi àga lọ̀. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ń wò ó. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ló ń wò lójú, ìka rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́tìnnì bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ sọ nọ́ńbà yín sókè kí n gbọ́. Ẹ ṣé. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ah, àgbà ni yín o, ẹ ò jọ ọ́. Ẹ gba ìwé yín. Ẹ kà á sókè fún mi, kí n mọ̀ pé ó yé yín."

Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ká ní gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba rí báyìí ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

"Kí lo rí?" ni Kí-Ló-Dé bi mí ní jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó sì mọ èèyàn kí."

"Kí ni o ò rí?"

Mo tún wò. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Kò sí máòsì, èyí tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà, lórí tábìlì rẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, wọ́n fi okùn rẹ̀ wé e, eruku sì ti bò ó. Gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù ló ní máòsì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

Ó rán mi lọ wo ìwé ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Bàbá Ẹ-Jókòó ti ránṣẹ́ pè é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé káńtà kò tẹ ìwé. Ìgbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló kọ ọ́ pé ẹ̀rọ kò ní àrùn kankan. Ìgbà kẹsàn-án, ó fi kún un pé kí wọ́n yé pe òun.

Mo sọ ọ́ fún Kí-Ló-Dé. Ó mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà, kò dà bí ẹni tó ti mú ọ̀daràn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ó ní, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ wọnú káńtà. "Ọlọ́pàá ni mí. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ni mo fẹ́ wò."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ bá mi bá a wí, agídí rẹ̀ ti pọ̀jù. Ta ló kàn?"

Ẹni tó kàn wá fún ìlà eyín. Bí ó ṣe ń sọ nọ́ńbà rẹ̀ sókè, Kí-Ló-Dé na ọwọ́ sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ojú kọ̀ǹpútà sì kú. Ó ṣókùnkùn biribiri.

Bàbá Ẹ-Jókòó kò dúró. Ó rẹ́rìn-ín sí ẹni náà, ó béèrè ọjọ́ ìbí, ìka rẹ̀ lù tìkì tìkì, ẹ̀rọ sì tẹ ìwé jáde. "Ẹ kà á sókè fún mi," ó ní. Ó dá ẹnìkejì lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó dá ẹnìkẹta lóhùn bẹ́ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Èmi tí mo ti ń bá ọ̀daràn jà lọ́pọ̀ ọdún, omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí-Ló-Dé tan ojú kọ̀ǹpútà padà kí ẹnikẹ́ni tó fura, ó fọwọ́ kan bàbá léjìká.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá fáìlì."

*

Àwa mẹ́rin la wọ ibẹ̀. Kí-Ló-Dé ti ní kí n pe Gé-e-kúrú. Bàbá kò tíì jókòó.

"Láti ìgbà wo?" ni Kí-Ló-Dé bi í.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ béèrè ohun tó ń sọ. Ó wá rò ó, ó jókòó sórí pálí fáìlì. "Ọdún mẹ́ta. Mo ń rí èèyàn, mo ń rí ara ògiri. Ìwé ni mi ò rí mọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ta wàrà sí ojú gíláàsì."

"Ìlà ojú wà níwájú yín lójoojúmọ́. Kí ló dé tí ẹ ò kọ orúkọ?"

"Orí tábìlì Alákòóso ni gbogbo orúkọ ń lọ. Ẹni tí kò ríran ta ló máa fi sídìí káńtà? Ọdún méjì péré ló kù. Mo ní kí n rọra wọ́ ọ dé ibẹ̀." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Mo ti ka bọ́tìnnì sórí. Ìkànnì àtijọ́, ibi kan náà ni gbogbo nǹkan máa ń wà. Nígbà tí tuntun dé, mo ní kí ọmọbìnrin yìí kọ́ mi."

Gé-e-kúrú ti fọwọ́ bo ẹnu. "Ìgbà mẹ́ta lẹ ní kí n tún un ṣe. Ẹ ń bi mí pé èwo ló tẹ̀lé èwo. Mo rò pé àgbà ló ń yọ yín lẹ́nu. Mo tiẹ̀ ṣàwàdà rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi."

"Ìwé ta lẹ fi kọ́ wọn?" Kí-Ló-Dé bi í.

"A ní ẹnìkan tí kò sí láyé, Ẹni Àpẹẹrẹ la sọ ọ́. Òun la fi ń kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́."

"Ṣé Ẹni Àpẹẹrẹ ti mú lẹ́tà dókítà wá?"

"Kò tíì..." ni Gé-e-kúrú wí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà. Mo rí ìgbà tó yé e gan-an. Ó wá sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́, kí n lè kọ ọ́. Bọ́tìnnì kan wà lápá òsì tó ń gbé èèyàn láti orí ohun kan bọ́ sórí èkejì. Lójú ewé Ẹni Àpẹẹrẹ, ipò lórí ìlà ló ṣáájú, "Fi lẹ́tà dókítà ránṣẹ́" ló tẹ̀lé e, ìwé títẹ̀ ló ṣìkẹta, "Yọ orúkọ mi kúrò" ló ṣìkẹrin. Bàbá fi bọ́tìnnì yẹn ka mẹ́ta, ó tẹ bọ́tìnnì ńlá apá ọ̀tún, ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú, ó tún un tẹ̀, ìwé jáde.

"Ṣùgbọ́n mo ní kí ojú ewé máa fi ohun tí èèyàn ti ṣe tán pamọ́," ó ní, "kó má bàa pọ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá ti wọlé, ìlà lẹ́tà á kúrò. Ìyọkúrò á wá bọ́ sí ipò kẹta."

"Bàbá á ka mẹ́ta," ni Kí-Ló-Dé wí. "Ẹ̀rọ á bi í bóyá ó dá a lójú. Á tún un tẹ̀. Ìwé ò ní jáde. Bàbá á gbá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé."

Bàbá Ẹ-Jókòó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

"Ẹni mélòó?" ó béèrè.

"Mẹ́tàlélógójì," mo sọ fún un.

"Aránṣọ yẹn wà nínú wọn," ó ní. "Ọmọ rẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú wá. Mo ní orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀." Ó sunkún, kò sì fi pamọ́.

Gé-e-kúrú kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí eruku fáìlì. "Èèyàn méjìlá ni mo fi ìkànnì yẹn dán wò, bàbá. Gbogbo wọn láti ìta. Mi ò ronú kan ẹni tó máa lò ó lójoojúmọ́ rárá."

"Dìde, ọmọ mi. Ìwọ ò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀ tí mo dákẹ́."

*

Ní ogún ìṣẹ́jú kọjá aago mẹ́ta, a pe Alákòóso wá sídìí káńtà. Ó ní òun ò lè dá orúkọ kankan padà láìsí ẹ̀rí, pé ẹnu lásán kò tó.

"Mi ò ní sọ ọ́," ni Kí-Ló-Dé fèsì. "Ẹ máa rí i."

Gé-e-kúrú ṣí ojú ewé Ẹni Àpẹẹrẹ. Bàbá tẹ bọ́tìnnì òsì lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ ti ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé jáde. Gé-e-kúrú wá fi lẹ́tà dókítà kan sí i fún Ẹni Àpẹẹrẹ, ó kúrò níbẹ̀. Bàbá tún ṣe bó ṣe ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́. Alákòóso bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á sókè: "A ti yọ orúkọ yín. Olórúkọ ló yọ ọ́."

Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Ẹ dá gbogbo wọn padà." Ó wá wo bàbá. "Ṣùgbọ́n ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Mi ò lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ni Kí-Ló-Dé wí. "Tí ẹ bá lé e, ojú ewé yẹn ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn á tún kọsẹ̀ lára rẹ̀."

"Mo nílò bàbá, sà," ni Gé-e-kúrú sọ, ó ń tẹ orúkọ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbójú sókè. "Ẹni kẹtàlá tí mi ò rí bá dán an wò nìyẹn. Màá mú kí kọ̀ǹpútà máa kà á sétí wọn. Ohun tó bá sì jẹ́ ìyọkúrò, màá gbé e jìnnà sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni."

Alákòóso wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tí gbogbo wọn ń wò ó. Ó ní kí bàbá máa bá iṣẹ́ lọ, kí ẹnìkan jókòó tì í títí àwọn á fi rí bó ṣe máa rí.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́rin lù, gbogbo àwọn mẹ́tàlélógójì ti padà sí ipò wọn. Gé-e-kúrú kò dìde. "Bàbá, ẹ sọ ọjọ́ ìbí yín sókè kí n gbọ́," ó ní.

Bàbá sọ ọ́. Kí-Ló-Dé ti ń fi ìka ṣírò. Dókítà máa mú ọgbọ̀n lọ́jọ́ Ajé, á ku méjìdínlọ́gbọ̀n tí ìwé wọn pé. Tí bàbá bá tètè mú lẹ́tà rẹ̀ wá, òun ni á ṣe ìkọkàndínlọ́gbọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀. "Ó wọ̀ ọ́," ó ní, "ó tiẹ̀ ku àyè kan."

Ìwé pélébé méjì jáde nínú ẹ̀rọ. Bàbá Ẹ-Jókòó mú méjèèjì, ó rìn lọ síbi bẹ́ǹṣì, ó dúró níwájú aránṣọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ohun kan pamọ́. Aránṣọ gbọ́ ọ tán. Ó wá sún síwájú, ó fi ọwọ́ pa àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó, bàbá," ó ní.

Wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò sí ẹni tó lè kà á nínú àwọn méjèèjì. Mo yọ awò ojú mi jáde, mo bá wọn kà á. Ti aránṣọ: ipò kẹsàn-án, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ti bàbá: ipò kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún, ẹ mú lẹ́tà dókítà wá.

"Ẹ tún ti bàbá kà," ni aránṣọ wí.

Mo tún un kà. Ó ń mi orí bí ẹni tó ń há a sórí.

"Nígbà tó bá fi máa kàn yín, ojú mi á ti là," ó sọ fún bàbá. "Èmi ni màá di ọwọ́ yín mú lọ."